Orúkọ Ilé

Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé ọkọ ní Mọ̀pà,
mo ru kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi wá nínú àpò ìrẹsì,
mo fi ìró ìyá mi wé e bí ọmọ tuntun.
Olúmọ̀rótì ti sọ ọ́ lórúkọ kó tó fún mi:
“iyara” ló pè é, láìsí àmì ohùn kankan,
nítorí ẹ̀rọ kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀.
Ó lè jẹ́ iyàrá tí à ń sùn sí.
Ó lè jẹ́ ìyára, èyí tí kò ní rárá,
ìṣẹ́jú mẹ́fà ló ń gbà kó tó lajú.
Àmọ́ Ìyàrá ló ní lọ́kàn, ìlú wa.

Ìwé kaṣú ẹgbẹ́ wa ló wà níkùn rẹ̀:
ta ló kó wá, kílò mélòó, èló ni a jẹ ẹ́.

Oṣù kejì, ọyẹ́ ṣì ń la ètè,
mo ní ṣebí ìyàwó ti dé ilé ọkọ,
kí ẹrù rẹ̀ náà máa jẹ́ orúkọ ibẹ̀.
Mo pa “iyara” rẹ́, mo kọ “mopa”.
Mo pa á, mo tún un tàn.

Kó tó mí kanlẹ̀ ló ti ń kùn:
“Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ mopa.”
Orúkọ ara rẹ̀! Èyí tó lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀!
Bí ẹni tó ta jí lóru
tó ń bi ará ilé pé, “Ta ni mí?”

Mo ṣí ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní hóòsì,
tó ń sọ ojúlé tí oníkálùkù ń gbé.
Mẹ́tàdínláàádóje, òdo, òdo, ení:
ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.
“iyara” ṣì jókòó síbẹ̀
bí ayálégbé tí kò gbọ́ pé a ti ta ilé.
Mo kọ “mopa” síwájú rẹ̀. Ìkùnsínú dá.

Mo rò pé ó parí.
Mo kan ilẹ̀kùn dátábéèsì,
mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, lẹ́tà mọ́kànlá, mi ò ṣì í tẹ̀.
“A kò gba remi láti mopa.”
Mo tún un tẹ̀. Láti mopa.
Mo bú u. Mo bẹ̀ ẹ́. Epo jẹnẹrétọ̀ ń lọ.

Ìyá ọkọ mi ń fọ́ kaṣú lẹ́nu ọ̀nà,
oje ti sọ ìka rẹ̀ di dúdú.
“Kí ló ní?”
“Ó ní òun kò gbà mí.”
“Kà á fún mi bó ṣe sọ ọ́.”
Mo kà á. Ó gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.
“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ló kọ̀.
Ibi tí o ní o ti wá ni.
Rẹ̀mí ti Ìyàrá ni wọ́n fi hàn án.
Rẹ̀mí ti Mọ̀pà, ta ló mú un wá kí i?
Ìwọ gan-an, ọjọ́ mélòó ni mo fi mú ọ kiri
kí wọ́n tó máa kí ọ ní ‘Ọ̀kun’
láìkọ́kọ́ bi ọ́ pé ọmọ ta ni?”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ mi wú.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo jẹ́ orúkọ rúùtù,
ẹni tí ilé kì í bi léèrè.
Mo kọ ọ́: remi kan wà, láti mopa.
Ẹ jẹ́ kó kà, kó kọ, kó pa rẹ́.
Remi ti iyara, mi ò fọwọ́ kàn án.
Ó wà níbẹ̀ títí di òní,
ó ní kọ́kọ́rọ́, kò ní ilé tí yóò ti jáde wá.

Ó ṣí.
Ojú ìwé tó kọ́kọ́ yọ, ti èṣí ni:
Ìyá Ọláìítán, kílò mọ́kànléláàádọ́ta.
Mo rántí àpò yẹn, okùn pupa ni wọ́n fi dì í.
Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni.

“Ṣé ó ti wá gbà ọ́?”
“Ó ti gbà mí, Ìyá.”
Mi ò tíì sọ èyí tó kù.