Ọ̀kẹ́ Mẹ́wàá

Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà, kò lé ẹyọ kan:
owó síìpù tí mo pààrọ̀, owó etí aṣọ tí mo ṣẹ́,
owó yúnífọ́ọ̀mù ọmọléèwé mọ́kànlélógójì
tí mo rán ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìṣọ̀kùn.
Màámi ní, "Kí lo fẹ́ fi rà?"
Mo ní, "Ẹ̀rọ."
Wọ́n ní, "Ti wíífù ni, àbí ti bọ́tìnnì?"
Mo ní, "Ẹ̀rọ ṣáá ni, Màámi."
Irọ́ kọ́.
Òótọ́ tí a ò jẹ́ kó jókòó tán ni.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkèṣà
sọ́dọ̀ Fámúrewá, tí í ta òkú kọ̀ǹpútà:
òkú báńkì, òkú ilé-ẹjọ́,
wọ́n tò lórí ara wọn bí ìkòkò tí kò rí oníbàárà.
Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀, ó fọn eruku kúrò lójú rẹ̀.
"Báńkì ló lo èyí. Kò ṣiṣẹ́ agbára rí.
Owó olówó nìkan ló ń kà."
Modabọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́, ọpọlọ rẹ̀ ò jóná.
Ó pè é ní ọ̀kẹ́ mẹ́rin, mo pè é ní mẹ́ta,
a pàdé lágbedeméjì, a bú ara wa díẹ̀.

Ráàmù ọ̀pá méjì, ọ̀kẹ́ kan,
nítorí ọpọlọ tó gbọ́n tí kò rántí nǹkan,
ohun tó bá mọ̀ lówùúrọ̀, yóò tún un kọ́ lọ́sàn-án.

Páwà ni n ò ṣahun sí.
Iná Ìṣọ̀kùn a máa wọlé bí àna tó ń bínú,
a sì jáde láìdágbére.
Tẹlifíṣọ̀n Bàámi kú lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Kérésì;
èéfín rẹ̀ ṣì wà lára àjà.
Ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀. Mo san án, mi ò wẹ̀yìn.

Ó wá ku káàdì àwòrán. Ó ku ọ̀kẹ́ mẹ́rin.
Olówó mẹ́rin ní fáànù kan ṣoṣo,
ó ń wo ayé bí ẹni tó gbàgbé gíláàsì sílé.
Olówó mẹ́fà ní méjì.
Fámúrewá ní, "Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò lè wọlé."
Mo fa téèpù kúrò lọ́rùn mi,
mo wọn inú àpótí báńkì bí ẹni wọn àyà ìyàwó:
ínǹṣì mẹ́sàn-án ni káàdì, mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni ilé rẹ̀.
Aṣọ tó bá ní ààyè láti mí, a wọ̀.

"Ó dáa," ó ní. "San ọ̀kẹ́ méjì tó kù kí oṣù tó pé.
Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi,
ó ta aṣọ àwìn dé Ẹ̀fọ̀n. Bí o ò bá san,
màá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín."
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni ì bá dẹ́rù bà?
Ilé tiwa náà, òṣó ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Orí tábìlì ìgéṣọ ni mo ti tò ó,
síkírù nínú agolo bọ́tìnnì,
síkúrúdíráfà tí mo fi ń tún Síńgà ṣe.
Màámi yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀:
"Ẹ̀rọ yìí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ dà?"

Oṣù pé. Fámúrewá dé.
Ó ṣẹ́ ṣòkòtò sókè, ó lóṣòó lóòótọ́.
Màámi gbé iyán síwájú rẹ̀, ó ní owó lòún wá jẹ.
Àmọ́ ojú rẹ̀ ti gba orí èjìká mi kọjá:
mọ́tò pupa kan ń sáré nínú òjò
ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé rí.
"Fáànù òsì yẹn ń ké," ó ní.
Mo na páàdì kejì sí i.
Ó wò ó. Ó wo Màámi. Ó jókòó.

Ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀ péré ló wà lápò mi.
Mo jẹ́ kó borí.