Àga Àwọn Olówó

Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé Marlys Lahtela lọ sí Duluth
láàárọ̀ ọjọ́ tí adágún ńlá dì gbagidi,
tí èémí ń rú lẹ́nu ẹni bí èéfín.
Kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá ibi tí wọ́n ti ń wa irin.
Nígbà tó máa yanu, ó ní,
"Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n á ti bọ́ òrùka ọwọ́ mi,
àbí wọ́n á wá a wá sílé?"

Àìsàn Verner ló bí gbèsè náà.
Oṣù mẹ́rìnlá ní ọsibítù.
Verner lọ, ìwé owó kò lọ,
ó ń wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ilé-iṣẹ́ kan pè é lórí fóònù, ohùn wọn tutù:
"Máa san díẹ̀díẹ̀ fún wa, a ó bá ọ bẹ àwọn olówó."
Ó san án fún oṣù mọ́kànlá.
Wọn kò bẹ ẹnì kankan.
Ẹni tó ń rì ni wọ́n ń ta omi fún.

Ní ìlú wa kékeré, gbogbo ẹnu ni lọ́yà.
Ẹni tó ń ta bẹntiróò ní wọ́n á tì í mọ́lé.
Obìnrin tó ń gẹrun fún un
ní wọ́n á lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri posọ́fíìsì.
Pásítọ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn mí kanlẹ̀,
ìyẹn ló dun Marlys jù.
Eunice àbúrò rẹ̀ ní wọ́n á wá dógò tì í,
wọ́n á ka ẹrù ilé rẹ̀ títí dé orí ṣíbí.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì we àkódíọ̀nù Verner lóru,
dùrù tí í mí bí àgbà tó ń gun òkè,
wọ́n tì í sábẹ́ ibùsùn Eunice
bí ẹni gbé ọmọ sá fógun.

Lọ́yà Petrich gbọ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Ìyá, ẹ lọ gbé e padà wálé.
Wọn ò ní mú un,
wọn ò ní mú ibùsùn yín,
wọn ò ní mú ọkọ̀ yín tó ti dípẹtà.
Gbèsè kì í ṣe ọ̀ràn. Ìfipamọ́ ni ọ̀ràn."

Ọ̀sán gangan ló gbé e padà.
Àkódíọ̀nù ń ké hẹ̀ẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀,
gbogbo àdúgbò ń wò.

Yàrá Duluth kéré. Kò sí adájọ́ níbẹ̀.
Tábìlì kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbohùn sílẹ̀,
ọkùnrin kan tí ikọ́ ń dà láàmú.
Àga méjìlá ni wọ́n tò fún àwọn olówó.
Marlys wọ aṣọ tó wọ̀ sin Verner,
ó tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn.
Báńkì kò wá.
Ọsibítù kò wá.
Oníkáàdì tó ń fi fóònù jí i lójoojúmọ́, kò wá.
Ọkùnrin oníkọ́ bi í bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tó kọ,
bóyá ẹnì kan jẹ ẹ́ lówó,
bóyá ó fi nǹkan pamọ́.
Ibẹ̀ ló ti yíjú wò mí.
"Rárá," ó ní, "mo ti gbé e padà."
Ọkùnrin náà húkọ́, ó ní ó parí.
Ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Mo ti dúró de kọfí pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Má rò pé omi gbé gbogbo rẹ̀ lọ o.
Owó orí ìjọba ṣì wà nílẹ̀.
Darrin, ọmọ Eunice, tó bá a fọwọ́ sí ìwé àyálò kan,
òun ni wọ́n yíjú sí.
Marlys ń fi ogójì dọ́là ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù.
Òfin kò ní kó ṣe é, ojú ló ń tì í.
Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́wàá,
síbẹ̀ ọdún kan kò tíì pé
tí báńkì mìíràn fi kọ lẹ́tà pé kó wá gba káàdì tuntun.
Ó fi lẹ́tà náà dáná.

Ní alẹ́ Sátidé mìíràn, mo ń gbọ́ àkódíọ̀nù láti ẹ̀yìn ògiri.
Marlys kò mọ̀ ọ́n ta.
Ó kàn ń fà á, ó ń tì í,
kó ṣáà lè máa mí.