Oòrùn Ló Ń Jẹ Òórùn

Ìyá ọ̀rẹ́ mi bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́.
Mo ní omi ni mò ń tọ́jú.
Ó rẹ́rìn-ín: "Bí ẹni ń tọ́ ọmọ?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tí gbogbo ìlú bí,
tí gbogbo ìlú sì sẹ́.

Adágún mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ògiri wa.
Èkíní dúdú bí ìdí ìkòkò,
ó ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.
Èkejì wọṣọ ewé láti etí dé etí.
Ẹ̀kẹta, ibẹ̀ ni lékèélékèé ti ń wo ojú ara rẹ̀
kí omi tó gba ojú páìpù lọ bá ọ̀sà.
A kò da oògùn kankan sí i.
Àyè la fún un, àti ọjọ́, àti ojú ọ̀run.
Oòrùn ló ń jẹ òórùn:
ẹni tó bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yìí bó ti yẹ
ti mọ iṣẹ́ wa tán.

Bàbá mi, Ṣàbítíù, agbépóò ni.
Òru ló fi ń ṣiṣẹ́, ó fa fìlà bojú
kí ẹni tó kó ìgbẹ́ rẹ̀ lánàá
má baà tijú láti kí i lónìí.
Etí ọ̀sà ló ń dà á sí,
níbi tí ìyá mi ti ń ra akàn láàárọ̀.
Ẹnikẹ́ni ò bi í. Òun náà ò bi ara rẹ̀.
Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí lọ́mọ olóòórùn;
mo gbọ́ ọ bí ọmọ olóòrùn,
mo ń bá tèmi lọ.

Odò kì í kún bo ẹja lójú, àgbà ló wí.
Àgbà ò tíì rí ìfófó ọṣẹ tó ń gun orí gọ́tà,
kò rí epo dúdú abẹ́ mọ́tò.
Lọ́dún tí ẹja léfòó kalẹ̀ bí àwo tí a dà nù,
Húnsù apẹja fi àwọ̀n kọ́ igi,
ó lọ ń gun sẹ́míjáàn.

Lóṣù Òkúdù, òjò ọjọ́ mẹ́ta. Iná lọ. Pọ́ńpù dákẹ́.
Omi inú kòtò ń gun ògiri bí ẹni gun àkàsọ̀.
Ọ̀gá pè: "Mulikátù, ṣí ilẹ̀kùn irin,
jẹ́ kó máa lọ sọ́sà."
Ìwé òfin gbà á. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.
Bí mo bá yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, òjò á bò ó,
ilẹ̀ á mọ́, a ó kí ara wa kú àárọ̀.

Bàbá mi ni mo pè.
Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, lórí sẹ́míjáàn, nínú òjò,
Húnsù ló gbé e wá,
garawa mẹ́ta so mọ́ ẹ̀yìn.
Bàbá ní: "Má bù ú kún dé ẹnu. Ìlàjì.
Ẹni tó bá kánjú ni yóò fi wẹ̀."
A ń gbọ́n ọn láti inú kòtò
sórí ibùsùn iyanrìn tó ṣófo.
Mi ò ka iye rẹ̀. Apá mi kà á.
Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, iná dé,
pọ́ńpù wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà.

Díẹ̀ ṣì já lọ sọ́sà. Mi ò ní purọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Bàbá ṣan garawa, ó dojú wọn délẹ̀,
ó rìn lọ sídìí páìpù ìkẹyìn,
ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀.
"Ibí yìí," ó wí, "ibí yìí gan-an ni mo máa ń dà á sí."
Ó ń fi ẹsẹ̀ ya koríko
bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́.
Húnsù ò mọ ohun tó jẹ́.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a wá a.