Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́ta

Ẹ̀yìn pátápátá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Pawluk jókòó sí,
bébà lórí itan, aago kékeré lọ́wọ́,
irú èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n eré sísá.
Kò bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí mo kọ́ wọn.
Nígbà tí kíláàsì túká, ó ní:
"Ìbéèrè mọ́kànlá lo bi wọ́n.
Mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ìwọ náà lo dáhùn.
Èyí tó o ní sùúrù fún jù, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ní Ìkìrun tí mo ti kàwé,
olùkọ́ tó bá dákẹ́, ohun tó mọ̀ ló tán.
Tíṣà Adégbìnrin a máa rọ ìmọ̀ sí wa lórí
bí ẹni ń rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì;
ọmọ tó bá jẹ́ kó dà sílẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ni yóò san án.

Àwa mẹ́fà ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́ olùkọ́ lọ́dún náà,
ní Saskatoon, nínú yàrá kan tó kọjú sódò,
tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí láti Oṣù Kọkànlá.
Àwa tí a lè fi odidi ọ̀sán jiyàn lórí ohun tó ń jẹ́ "wà,"
a ò mọ ibi tí a ó fi ọwọ́ sí
bí ọmọ ọdún méjìdínlógún bá yán lójú wa.
Moira a máa ka ìwé rẹ̀ bí ẹni ń ka ẹ̀sùn sí ọ̀daràn lẹ́sẹ̀.
Èmi, mo ń kọ́ bí a ṣe ń ka iye sínú:
ní Yorùbá ni. Bí mo bá dé ẹ̀rin, abíyá mi ti rin gbindin,
nínú òtútù tó ń sọ itọ́ di òkúta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú Oṣù Kejì, mo bi wọ́n pé
kí ló ya kéèyàn mọ nǹkan sọ́tọ̀ sí kó gbà á gbọ́.
Ení. Èjì. Ẹ̀ta.
Ẹnìkan fọn imú. Páìpù ooru ń dún kọ̀, kọ̀, lára ògiri.
Ẹ̀rin. Àrún. Ìdáhùn ti dé orí ahọ́n mi,
ó ń dán bí owó tuntun. Mo gbé e mì.
Ẹ̀fà. Èje.
Delphine Halkett, ọmọ La Ronge,
tí a ò gbóhùn rẹ̀ rí láti Oṣù Kẹsàn-án,
kò na ọwọ́. Tábìlì ló ń bá sọ̀rọ̀:
"Àbúrò bàbá mi ní yìnyín adágún á gbé ọkọ̀ wa.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀,
ọgbọ̀n ọdún ni yìnyín fi ń gbé e.
Ṣé ó mọ̀?"

Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣe ọkọ̀.
Ọmọkùnrin tó máa ń fi fìlà bojú sùn ṣí i kúrò lójú.
Mo mọ orúkọ tí àwọn ìwé pe ìbéèrè yẹn.
Mo mọ ojú ewé. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi.
Mo jókòó.
Mo gbàgbé láti máa ka iye.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Pawluk ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.
Nígbà tí mo ròyìn fún un, kò béèrè bó ṣe pẹ́ tó.
"Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀?"
"Ọmọ onífìlà."
"Kí ló wí?"
"Ó ní òun náà ò mọ̀."
Ó kọ ọ́ sínú bébà, ó sì wọ kọ́ọ̀tù rẹ̀.