Ìdajì Ná

Wọ́n kọ ọ́ síwèé pé yàrá mẹ́jọ
ni ilé bàbá mi ní Àjàṣẹ́.
Mẹ́fà ni mo kà,
àfi tí wọ́n bá ka ilé adìẹ mọ́ ọn
àti ibi tí Rábì ń kó igi ìdáná sí.

Mo dé káńsù. Akọ̀wé ò wojú mi.
"San ìdajì ná, ká tó gbẹ́jọ́ rẹ."
Ìdajì gbèsè tí mo ní n kò jẹ?

Mo tú páànù yàrá méjì,
mo tà á ní Ìjárá,
mo sanwó, mo gba rìsíìtì.

Òjò ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì Rábì báyìí.
Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún ilé kà lóṣù tó ń bọ̀.
Kí wọ́n yáa tètè:
yàrá mẹ́rin ló kù.