Iná Pupa ní Ìkijà

Lẹ́tà mẹ́ta ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣógúnlé kọ sójú pátákó:
V, ó dọ́gba pẹ̀lú I lọ́nà R.
Ó gbọn ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ nù,
ó ní, "Ṣó yé yín?"
A ní, "Ó yé wa, sà,"
bí ẹni ń ṣe àmín.

Mo há a sórí bí oríkì ilé baba mi.
Nígbà tí ìdánwò dé, mo gba mẹ́rin nínú ogún,
bóyá torí pé mo kọ orúkọ mi dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé, màmá mi àgbà rán mi nídìí omi.
Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa ni tánkì jókòó sí,
ó dúdú, ó sanra,
bí olóyè tó kọ̀ tí ò sọ̀kalẹ̀.
Ibẹ̀ ni rọ́bà ti ń wọ́ bọ̀ wá sí àgbàlá,
ó ń gba àárín òkúta bí ejò tó mọ̀nà.
Mo ṣí i. Omi tú jáde.
Àlàbá, àbúrò mi, fẹsẹ̀ tẹ rọ́bà níbi tó ti ń ṣeré,
omi di tín-ín-rín bí ìtọ̀ ewúrẹ́.
"Àlàbá, gbẹ́sẹ̀ ẹ kúrò ńbẹ̀!"

Ẹnu mi ò tíì padé tí nǹkan fi tàn sí mi lórí.
Ẹsẹ̀ Àlàbá ni R.
Omi tó ń ṣàn wọ bàsíà mi ni I.
Ta wá ni V?

Mo wòkè.
Gíga tó wà láàárín tánkì àti bàsíà,
àtẹ̀gùn òkúta mẹ́tàdínlógójì
tí mo ti fi ẹsẹ̀ lásán kà láti kékeré,
òun ló ń ti omi.
Ká gbé tánkì kan náà wá sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
á kún dẹ́nu,
omi rẹ̀ ò sì ní í rílé lọ.

Mo sáré lọ sọ fún màmá mi àgbà.
Ó ní, "Bàsíà ti kún. Omi ń ṣòfò."

Lálẹ́, wọ́n mú iná dé.
Àdúgbò hó yèè! Igbe náà kú sí wọn lẹ́nu:
gúlóòbù pọ́n bí ojú ẹni tí ò rí oorun sùn,
fáànù ń yí bí ẹni ń ronú gbèsè.
Bàbá Mojíṣọlá tó ń ṣe fọkanáísà pòṣé:
"Kọ́rẹ́ǹtì ò tó!"
Kọ́rẹ́ǹtì kọ́, bàbá.
Mo gbé e mì.
Ẹni tó yẹ kó tì í ni ọwọ́ rẹ̀ rọ.

Mo gun àpáta padà, mo fara ti tánkì.
Òrùlé onípáànù tò lọ sísàlẹ̀
títí dé ibi tí odò Ògùn ti ṣú dùdù.
Nídìí tiransifọ́mà, iná ilé àkọ́kọ́ funfun bí eyín ọmọdé.
Ìkejì ń fẹ́ pọ́n.
Wáyà kan tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń rọra gòkè bọ̀,
wọ́n ti já a so, já a so, mi ò mọye ìgbà,
gbogbo ojú ìso, ẹsẹ̀ Àlàbá ni.
Tiwa ló kẹ́yìn.
Tiwa ló dà bí ẹyín iná tí wọ́n gbàgbé sínú àdògán.

Nígbà ìdánwò kejì,
ìbéèrè kẹta ní ká sọ ohun tí V jẹ́.
Mo kọ ọ́: àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógójì.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣógúnlé fi bírò pupa yí i ká.
Kò fún mi ní máàkì, kò sì fà á nù.
Àmì ìbéèrè kan ló fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ó tẹ bírò náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé.