Ìtẹ̀ka Lójú Ìwé Kẹta

Aago mẹ́fà ìdájí, lórí pápá Fásitì Ifẹ̀,
Sájẹ́ǹtì Àńjọrìn ń ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí ẹni ń ka èbù:
"Ení! Èjì! Ẹ̀ta!"
Kò sẹ́ni tó lórúkọ níbẹ̀.
Ìrì ò tíì gbẹ, ogójì bàtà ti tẹ̀ ẹ́ rẹ́.

Aago mẹ́wàá, èmi náà ṣí ìwé orúkọ:
"Móradéùn Fátóyìnbó."
Ó fò dìde, gìgísẹ̀ lu gìgísẹ̀: "Sà!"
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Mo ní, jókòó, ọmọ mi, ibí kì í ṣe bárékè.

Lálẹ́, iná ti lọ, mo ń máàkì lábẹ́ àtùpà.
Kí ló dá ogun Kírìjì sílẹ̀? Báwo ló ṣe parí?
Móradéùn mọ̀ ọ́n kọ.
Àfi ojú ìwé kẹta: ìtẹ̀ka kan, ó dú bí kóró iṣin,
òróró ìbọn,
ó bọ́ sórí "àlàáfíà" gẹ́lẹ́.
Mo gbé e súnmọ́ iná. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣeé kà.

Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: fọwọ́ kí o tó kọ̀wé.
Mo tún pa á rẹ́.
Máàkì mélòó ni ti àtàǹpàkò?